Bọ́dìn Àwọn Fádà Di Agbo-Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbàgbọ́ pé ọjọ́ tí ọmọ Yorùbá ayé àtijọ́ bá ti gbé àpótí rẹ̀ wọ bọ́dìn ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn Fádà, ọjọ́ náà gan-an ni ó bọ́ àṣà ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó ìdajì. Bí a bá fara balẹ̀ wo ìgbésí ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà, a ó rí i pé wọn kò wọ ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Òfin agbo-ilé tí wọ́n gbé ti ilé wá ni wọ́n fi túmọ̀ òfin àwọn Fádà fún ara wọn. Ibì kan ṣoṣo ni ìtumọ̀ náà kò ti ṣeé ṣe. Ibẹ̀ náà sì ni àdánù ti wọlé, tí a kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán títí di òní.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ìjọ Àgùdà kò bọ́ sí Èkó láti ojú ọ̀run. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí wọ́n sì padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n gbé ẹ̀sìn náà dání bọ̀. Orúkọ tí a ń pe àwọn ènìyàn náà, Àgùdà, ni ó mọ́ ìjọ wọn lórí. Kí àlùfáà kankan tó fi Èkó ṣe ibùgbé, ọkùnrin kan tí ó ti Bràsíìlì dé, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ́ àlùfáà. Ní 1863 ni Fádà Francesco Borghero, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, bẹ Èkó wò. Inú ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà SMA ni ó wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856. Ọdún 1868 ni àwọn Fádà wá bẹ̀rẹ̀ sí gbé Èkó títí lọ.

Àwọn ìjọ yòókù àti ìjọba kò sùn ní tiwọn. Láti 1859 ni CMS Grammar School ti wà ní Èkó, King's College sì tẹ̀ lé e ní 1909. Ní 1928 ni Ìjọ Àgùdà dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Ọbaléńdé fún àwọn ọmọkùnrin. Ní 1945, àwọn Sístà dá Holy Child College sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Lẹ́yìn náà ni iná ẹ̀kọ́ ràn wọ ìlú òkè. Aquinas College bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1951, Loyola College sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1954. Àwọn Sístà St. Louis, tí wọ́n dé Nàìjíríà ní 1948, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Òǹdó àti ní Àkúrẹ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àwọn ọmọ tí ń fẹ́ ààyè ní girama wá pọ̀ ju ààyè tí ó wà lọ.

Àpótí, àdá àti agogo

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ ti ka ohun gbogbo tí yóò kó dání: ẹ̀wù funfun àti ṣòkòtò péńpé, aṣọ ìbora, korobá, àwo àti ṣíbí, àdá àti ọkọ́. Àpótí páànù tàbí ti pákó ni a kó wọn sí. Bàbá ti ta kòkó tàbí kí ó ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ìyá ti din gààrì, ó ti di kúlíkúlí sínú agolo. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, a pe ọmọ náà sí ààrin ilé, àwọn àgbà súre fún un, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀, pé kí ó rántí ọmọ ẹni tí í ṣe.

Nígbà tí ó dé bọ́dìn, agogo ni ó di ọba lé e lórí. Agogo ni ó ń jí i kí ojúmọ́ tó mọ́, agogo ni ó ń pè é sí Mísà, agogo ni ó ń pè é sí oúnjẹ, sí kíláàsì, sí eré ìdárayá, sí ìwé kíkà alẹ́ àti sí oorun. Bí agogo ọ̀sán bá lù, gbogbo ènìyàn a dúró fún àdúrà Màríà Wúndíá. Kí a tó jẹun, àdúrà. Nígbà tí a bá jẹun tán, àdúrà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo wọn a bọ́ sí pápá pẹ̀lú àdá láti ṣán koríko, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, inú igbó ni a ti gé ilẹ̀ wọn.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ àgbẹ̀. Ó ti mọ̀ láti ilé pé kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni a ń gbọ́n ìrì lọ sí oko. Ohun tí ó ṣàjèjì sí i ni pé kí agogo máa pín ọjọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu. Nílé, iṣẹ́ ni ó ń sọ ìgbà. Ní bọ́dìn, ìgbà ni ó ń sọ iṣẹ́.

Ta ni àgbà?

Ọ̀rọ̀ ipò àgbà ni ó kọ́kọ́ ta kókó. Láyé ìgbà náà, ọjọ́ orí àwọn ọmọ ilé-ìwé kò dọ́gba rárá. Ẹlòmíràn ti bá baba rẹ̀ roko fún ọdún mélòó kan kí owó ilé-ìwé tó jáde. Ẹlòmíràn ti ṣe tíṣà kékeré ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó rí ààyè wọ girama. Nítorí náà, a lè rí géńdé tí irùngbọ̀n ti ń hù ní kíláàsì kìn-ín-ní, kí ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò tíì yí padà sì wà ní kíláàsì kẹta. Òfin bọ́dìn sì ni pé ẹni tí ó wà ní kíláàsì òkè ni àgbà. Géńdé ni yóò pọnmi fún ọmọdé, òun náà ni yóò sì fọ àwo rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí nìkan ni Yorùbá fi ń mọ àgbà, ìjà ni ìbá máa bẹ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ti rí irú rẹ̀ nílé. Nínú agbo-ilé, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni a fi ń ka ipò rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí agbo-ilé kí ìyàwó tó dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ọkọ ìyàwó náà ni, ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyálé lè kéré sí ìyàwó ní ọjọ́ orí, síbẹ̀ ìyálé ni yóò máa jẹ́. Òfin yìí gẹ́lẹ́ ni ó bá òfin bọ́dìn mu. Géńdé kíláàsì kìn-ín-ní dà bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé; ẹni tí ó bá nílé ni àgbà rẹ̀. Bí òun náà bá pẹ́ níbẹ̀, àwọn ìyàwó mìíràn yóò bá a nílé. Bí àwọn méjèèjì bá sì pàdé ní ìlú wọn nígbà ìsinmi, ọjọ́ orí a tún gba ipò rẹ̀, ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ kí géńdé.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ìyálé rere a máa gba ìyàwó sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà, ìyálé burúkú a sì máa fi ojú rẹ̀ rí màbo. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní bọ́dìn. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè kan wà tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ kékeré wá àwo wọn tí ó sọnù, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ìṣirò lábẹ́ àtùpà. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń kó gààrì ọlọ́mọ jẹ, tí wọ́n ń fi ọrẹ́ na ọmọ ọlọ́mọ láìnídìí, tí wọ́n sì ń pe é ní ẹ̀kọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú agbo-ilé, baálé wà nítòsí tí ìyàwó lè ké sí, àwọn àgbà sì lè pe ìyálé jókòó. Ní bọ́dìn, ẹni tí ó bá fi ẹjọ́ sun Fádà ti di ọ̀dàlẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A gba ipò ìyálé láti ilé, a kò gba àwọn tí ń bá ìyálé wí.

Orúkọ àlàjẹ́ àti èèwọ̀

Ìyàwó ilé, nítorí pé kò gbọdọ̀ pe ọmọ ọkọ lórúkọ, a máa fún un ní orúkọ àlàjẹ́: Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Awẹ́lẹ́wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ju wọ́n lọ. Fádà tí ó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ ní orúkọ tirẹ̀. Èyí tí ń yọ́ rìn ní òru láti mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn agogo ìdákẹ́jẹ́ ní tirẹ̀. Tíṣà tí kì í rẹ́rìn-ín, olóúnjẹ tí ọwọ́ rẹ̀ háwọ́, gbogbo wọn ni a sọ lórúkọ. Yorùbá ni èdè orúkọ wọ̀nyí, ní ibi tí a ti ka Yorùbá sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà a máa fi wọ́n lé àwọn ọmọ tuntun lọ́wọ́ bí ẹni fi ogún ìdílé lé ọmọ lọ́wọ́.

Ti èèwọ̀ ńkọ́? Ìjọ kò gba ẹran jíjẹ ní ọjọ́ Ẹtì ní ìgbà náà. Ọdún 1966 ni Póòpù dẹ òfin náà. Kí Póòpù Pius Kejìlá tó yí òfin ààwẹ̀ padà ní 1953 àti ní 1957, ẹni tí yóò gba Ara Olúwa ní òwúrọ̀ kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ tàbí omi kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru. Ọmọ tí ó ti gbọ́ láti kékeré pé ìdílé àwọn kì í jẹ irú ẹran kan, pé ẹni tí yóò bọ̀gún kì í fi ẹnu kan ohun kan kí ó tó débẹ̀, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ó mọ̀ pé ohun mímọ́ ní ìwà tirẹ̀, àti pé ẹni tí ń súnmọ́ ọn gbọ́dọ̀ kó ara rẹ̀ ní ìjánu.

Kì í sì í ṣe ọmọ Àgùdà nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí wà, ọmọ ìjọ mìíràn wà, ọmọ ilé olórìṣà náà wà. Anthony Olubunmi Okogie, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó ní 1973, tí a sì fi jẹ Kádínà ní 2003, kọ́ ẹ̀kọ́ ní St. Gregory's. Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tí ó jẹ Aláàfin Ọ̀yọ́ láti 1970 títí ó fi wàjà ní 2022, náà kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, Mùsùlùmí sì ni. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Aláàfin yẹn rí ni ó mọ̀ pé kò sí bọ́dìn tí ó gba òwe, oríkì àti ìtàn lẹ́nu rẹ̀. Ààfin ni ó ti kó ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ròde.

Ibi tí ìtumọ̀ kò ti ṣeé ṣe

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ni a bí sí ààfin. Èdè ni odi tí àṣà ilé kò lè fò kọjá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìgbà náà, ti Àgùdà àti ti ìjọ mìíràn, fànákúlà ni a ń pe èdè abínibí, ìyà sì wà fún ẹni tí ó bá sọ ọ́. Koríko ni ẹlòmíràn yóò ṣán. Ẹlòmíràn yóò kọ gbólóhùn kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ní àwọn ilé-ìwé kan, àmì ni a ń fi kọ́ ọrùn ẹlẹ́ṣẹ̀, yóò sì gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn tí yóò gbé e lé lọ́rùn. Àmì yẹn ni ó burú jù, nítorí pé ó sọ ọmọ di amí lára ọmọ ẹnìkejì rẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tí wọ́n ṣe òfin náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ bí St. Gregory's, ọmọ Yorùbá nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Victor Uwaifo, ọmọ Ẹ̀dó tí ó di olórin ńlá, wà níbẹ̀ láti 1957 sí 1961. Ó gbọ́dọ̀ ní èdè kan tí gbogbo wọn yóò fi gbọ́ ara wọn yé. Ìdánwò àṣejáde tí ó ń ti Cambridge wá le púpọ̀, ẹni tí ó bá sì fìdí rẹmi nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìwé ẹ̀rí, ìbáà yege nínú gbogbo yòókù. Bàbá tí ó ta kòkó mọ èyí. Kò rán ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ kí ó lè padà wá láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀, kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan, kíkórìíra Yorùbá jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èdè Látìnì, tí kì í ṣe èdè ìyá ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti Fádà, ni a fi ń ṣe Mísà, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Fádà lóhùn ní Látìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, bí ó bá jáde tí ó kí àbúrò rẹ̀ pé “Ṣé o jí dáadáa?”, ó ti ṣẹ̀. Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú irú èyí tó láti mú kí ọmọ máa fi èdè ìyá rẹ̀ wé ìyà, ìtìjú àti koríko ṣíṣán. Kò sí ohun kan nínú òfin agbo-ilé tí ó lè fi túmọ̀ èyí. Baálé kan kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó lé èdè ọmọ jáde ní agbo-ilé.

Ọjọ́ tí ìyá bá wá wo ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà ń hàn kedere. Ìyá a gbé ẹrù oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ igi. Bí ó bá rí ọmọ rẹ̀ lókèèrè nínú ẹ̀wù funfun, kì í pe orúkọ ẹni mímọ́ tí a fi ṣe ìrìbọmi fún un. Oríkì rẹ̀ ni yóò pè: Àjàní, Àkànní, Àlàó, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìran rẹ̀ lé e lórí ní ohùn òkè. Òfin bọ́dìn kò mú ìyá. Ní ìṣẹ́jú yẹn, orí ọmọ a wú, ojú a sì tì í lẹ́ẹ̀kan náà nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń wò ó. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́ èdè tí yóò fi dáhùn. Ọmọ mìíràn dáhùn ní kíkún, ó sì gbà kí ìyà tí ó bá fẹ́ jẹ òun jẹ ẹ́. Ọmọ mìíràn bẹ̀ ìyá rẹ̀ pé kí ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ìyá tí a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà

Ìjọ fúnra rẹ̀ yí padà. Láti 1947 sí 1954 ni Fádà Kevin Carroll ti kó àwọn agbẹ́gilére Yorùbá jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Làmídì Fákẹ́yẹ tí í ṣe Mùsùlùmí wà lára wọn, tí wọ́n ń fi ọnà ìbílẹ̀ gbẹ́ ohun èlò ilé ìsìn. Àpérò Vatican Kejì, láti 1962 sí 1965, ṣí ilẹ̀kùn fún èdè abínibí nínú Mísà, Yorùbá sì gun orí pẹpẹ. Ní St. Gregory's fúnra rẹ̀, Bruce Onobrakpeya, àgbà oníṣẹ́ ọnà, kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà láti 1963 sí 1980. Ní 1970, iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì tàbí nínú ẹ̀kọ́ yòókù, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí dá wọn padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, St. Gregory's sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni inú wọn dùn pé agogo àtijọ́ yóò tún lù, nítorí pé ìwà ìmọ́tótó, iṣẹ́ àṣekára àti ìbọ̀wọ̀ fún àgbà tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn Fádà ń wù wọ́n. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tún ilé àtijọ́ kọ́ gbọ́dọ̀ mọ òpó tí ó rà. Ìwà wọ̀nyẹn, àwọn Fádà nìkan kọ́ ni ó kó wọn wá. Àwọn ọmọ ti kó wọn ti ilé baba wọn bọ̀ kí agogo tó lù. Òpó tí ó rà ni òfin fànákúlà, òun ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni òde òní sì tún ń rì mọ́lẹ̀, láìsí Cambridge tí ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọ̀pọ̀ òbí tilẹ̀ ti gbé e wọ inú ilé, níbi tí kò sí Fádà kankan.

Àwọn ọmọ ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ rí ohun tí wọn yóò fi túmọ̀ bọ́dìn nítorí pé ilé ti kọ́ wọn ní èdè àti àṣà kí wọ́n tó lọ. Ọmọ tí a kò fún ní èdè nílé, kí ni yóò fi túmọ̀ ayé tí ó bá wọ̀? Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó ṣe òfin ilé-ìwé.